Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Òpópónà àti Ìgbòòrò Ìlú Ìbàdàn

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí ṣe ni láti tu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ ohun tí ó ń wá nínú, pé bí ibi kan kò bá gbà, ibòmíràn yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kúrò níbẹ̀, tí ó mú òwe náà bí ó ti rí gan-an, tí ó sì gbé e lọ sí ìlú Ìbàdàn, yóò rí i pé ìtàn ìlú náà láti nǹkan bí ọdún 1829 títí di òní ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ìlú tí ọ̀nà púpọ̀ wọ ọjà rẹ̀ ni Ìbàdàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lónìí, apá tí ó fẹ̀ jù lọ nínú ìlú náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ ọ́. Bí ọ̀ràn ṣe yí padà bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ìyípadà náà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bojú wò.

Láti ayé àwọn Òyìnbó aláṣẹ ni àwọn àlejò ti ń sọ nípa Ìbàdàn pé ìlú tí kò létò ni. Wọ́n dúró lórí òkè Màpó, wọ́n wo òrùlé páánù tí ó ti dípẹtà lọ títí dé ibi tí ojú lè rí, wọ́n sì sọ pé wọ́n kàn da ilé sílẹ̀ bí ẹni da ẹ̀kúrọ́ nù ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé, ó ti wọ inú ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ Ìbàdàn fúnra wọn sì ti gbà á gbọ́. Àṣìṣe ńlá ni. Nínú ìlú àtijọ́ ni ètò wà. Ibi tí àwọn awọnlẹ̀ ti fi okùn àti èèkàn wọn ilẹ̀ ní ìwọ̀n-ọgbọọgba ni ètò ti di àwátì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́ òtítọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ bí ìlú náà ṣe dúró.

Lẹ́yìn tí ogun Òwu ti parí, tí àwọn ọmọ ogun alájọṣe, àwọn ará Ifẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú, àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò ní ìlú wọn, ti fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n wá dó sí Ìbàdàn, ìlú Ẹ̀gbá kan tí iná ogun kò jó. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, fi yé ni pé ìlú náà ní àkókò yẹn kò ju ọjà tí ó wà láàárín àti ilé tí ó yí i ká ní nǹkan bí ìdajì máìlì. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀. Okùnadé tí í ṣe Máyẹ̀ àti àwọn Ifẹ̀ rẹ̀ wà nítòsí ọjà; àwọn Ìjẹ̀bú wà níbi tí a ń pè ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí di òní; àwọn Ẹ̀gbá tí ó kù wà ní agbègbè Yéosà. Ọjà náà ni ó wá di Ọjà Ìba, tí a gé kúrú sí Ọjà'ba, nítorí Olúyọ̀lé, ẹni tí ó jẹ oyè Ìba kí ó tó jẹ Baṣọ̀run.

Ibùdó ogun ni, kì í ṣe ìlú ọba. Kò sí ààfin tí gbogbo ọ̀nà ní láti kọjú sí. Jagunjagun tí ó bá lókìkí a gba ilẹ̀, a kọ́ agboolé rẹ̀ sórí rẹ̀, àwọn ìsọ̀ǹgbè, ìyàwó, ẹrú àti ìwẹ̀fà rẹ̀ a sì kọ́ tiwọn yí i ká. Bí àlejò bá dé láti Ìkòyí tàbí láti Ọ̀yọ́ Ilé tí ó ti tú, olóyè kan ni yóò gbà á sílé, ẹ̀yìnkùlé olóyè náà ni yóò sì ti rí ibi tẹ̀dó sí. Báyìí ni agboolé ń lé agboolé. Agboolé kan jẹ́ àkọ́dì tí ó yí àgbàlá ká, ó ní ojúde níwájú, ó sì ní ẹ̀yìnkùlé. Láàárín agboolé kan àti èkejì ni ojú ẹsẹ̀ ti ń kọjá. Nítorí pé agboolé kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí kò fara ti ẹlòmíràn, ọ̀nà yí gbogbo wọn ká; ẹni tí ó bá gbéra ní Ọ̀rányàn tí ó ń lọ sí Kúdẹtì lè gba iwájú agboolé, ó lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, bí ìjà bá sì wà lójúde kan, yóò yà gba òmíràn.

Nígbà tí ó yá, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ pọ̀, wọ́n fọ́ agboolé sí ilé kéékèèké. Àkọ́dì wó, ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde lójú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ kò parẹ́. Àgbàlá tí ó jẹ́ ti ìdílé kan di ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyí tí àdúgbò bíi Bẹẹrẹ, Òjé àti Ìdí-Arẹrẹ fi le fún ọkọ̀ láti wọ̀, tí ó sì rọrùn fún ẹlẹ́sẹ̀ láti là kọjá. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í fi orúkọ òpópó júwe ilé fún àlejò; agboolé ni wọ́n ń dárúkọ. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọ̀nà ọkọ̀, títì, Òyìnbó ni a ti yá a. Ohun tí ó ti wà nílẹ̀ kí títì tó dé ni òpópó, ojúde, ìkóríta, àti àbùjá.

Èyí ni apá kan ètò náà. Apá kejì ni àwọn ọ̀nà gígùn tí ó ti ọjà jáde lọ sí ìlú mìíràn. Bí agbára Ìbàdàn ti ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ogun Òṣogbo ti nǹkan bí 1840, ìlú náà bo odi àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1850 sí 1860 ni Balógun Ìbíkúnlé mọ odi tuntun tí ó jìnnà réré sí ti àtijọ́, tí a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é, Odi Ìbíkúnlé. Ẹnubodè ńláńlá mẹ́rin ni ó wà lára rẹ̀, èyí tí ó lọ sí Abẹ́òkúta, èyí tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú, èyí tí ó lọ sí Ọ̀yọ́ àti èyí tí ó lọ sí Ìwó, láìka àwọn kéékèèké tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko. Oníbodè jókòó síbẹ̀, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Odi ti wó, ṣùgbọ́n orúkọ kò wó: ọjà àgbo tí ó wà lójú ọ̀nà Mọ̀lété, Bodè ni a ṣì ń pè é.

Àwọn ọ̀nà ẹnubodè wọ̀nyí ni ọ̀nà ogun, òwò àti oko. Ará Ìbàdàn ní ilé méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lóko, ojú ọ̀nà kan náà ni ìdílé kan sì ń tọ̀ láti ìran dé ìran. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú kò ní ohun tí ó ń wá lójú ọ̀nà Ìwó. Bí ó bá tilẹ̀ ní i, yóò padà wálé, yóò kọjá láàárín ọjà, kí ó tó jáde lọ sí ìhà kejì. Nítorí náà, láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀nà inú ìlú dà bí àwọ̀n apẹja, ọ̀nà ẹ̀yìn odi sì dà bí ẹ̀ka igi. Ìyàtọ̀ yìí ni kí òǹkàwé dì mú.

Ó tó kí á ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Bí èèrà bá wà lórí ewé kan lórí igi, tí ó fẹ́ dé ewé mìíràn tí ó wà ní ẹ̀ka kejì, bí ewé méjèèjì tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, èèrà náà ní láti sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tí ẹ̀ka méjèèjì ti pàdé, kí ó tó tún gun òkè. Ẹ̀ka igi kì í padà pàdé ara wọn. Lójú àwọ̀n, kò rí bẹ́ẹ̀. Kókó kan so mọ́ mẹ́rin, bí okùn kan bá já, ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà lọ. Àwọn tí ń kọ́ nípa ètò ìlú a máa fi ìṣirò wọn èyí. Bí oríta mẹ́sàn-án bá wà ní ẹsẹ mẹ́ta, tí mẹ́ta wà lẹ́sẹ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀nà sì so oríta kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà méjìlá ni yóò wà. Bí a bá so oríta mẹ́sàn-án kan náà pọ̀ bí igi, mẹ́jọ péré ni yóò tó. Ọ̀nà mẹ́rin ni a fi pamọ́. Ẹni tí ń ta ilẹ̀ yóò rò pé òun ti jèrè, nítorí ojú ọ̀nà kì í ṣe ohun tí à ń tà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú mẹ́jọ yẹn bá dí, apá kan ìlú ti di erékùṣù nìyẹn.

Ní 1893, Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn, Kápútéènì Bower sì dé gẹ́gẹ́ bí Ajẹ́lẹ̀, ó jókòó sí Agodi, ní ẹ̀yìn ìlú. Ní 1901 ni ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn. Kò wọ Ọjà'ba o; ìwọ̀-oòrùn ni ó gbà, ní Dùgbẹ̀, ní òdìkejì odò Ògùnpa. Kò sí ohun kan tí ó yí ìrísí ìlú náà padà tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ àwọn Òyìnbó tò sí Gbági nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀ lé wọn, owó sì fi òkè Màpó sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì. Ìlú tí ó ní ọkàn kan wá ní ọkàn méjì. Páánù tí ọkọ̀ ojú irin kó dé ni ó lé òrùlé koríko lọ, tí ó sì gba ìlú lọ́wọ́ iná ọdọọdún, ó jẹ́ oore kan tí a kò gbọdọ̀ fojú di. Ní 1906 ni ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ là, ó sì wà lára àwọn ọ̀nà ọkọ̀ tí ó ṣáájú ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ ọ̀nà àtijọ́ kan náà ni ó tọ̀. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 kò lè dá owó padà sórí òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá iyì padà.

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ nípa àkókò yìí, nítorí àwọn kan a máa fi gbogbo ẹ̀bi ìlú wa lé àwọn Òyìnbó lórí. Àdúgbò tí àwọn àlejò ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn kọ́ láàárín ọdún 1901 sí 1950, Èkótẹ̀dó, Òkè-Bọ́lá, Òkè-Àdó tí ó kún fún àwọn Ìjẹ̀bú, àti Sábó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Háúsá ní 1916, òpópó wọn gún, wọ́n sì ń gé ara wọn kọjá. Ọkọ̀ wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́. Lójú ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò ó, àdúgbò wọ̀nyí ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí Ìbàdàn ti kọ́, bí ilé ibẹ̀ tilẹ̀ há. Olùkọ́, akọ̀wé, télọ̀ àti oníṣòwò kòkó ni ó kọ́ wọn, kì í ṣe ìjọba.

Ohun tí ìjọba kọ́ yàtọ̀. Ìyágankú, Jẹ́ríkò àti Agodi, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Òyìnbó ń gbé, ọgbà ni wọ́n fi ṣe: ilé kan lórí ilẹ̀ gbọọrọ, igi lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà tí ó rọ bí ejò, pápá gbalasa láàárín wọn àti ìlú. Ète rẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ má ṣe kọjá níbẹ̀. Ìmọ̀ tí ó bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ní 1906, ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin àkànṣe fún àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ń pè ní Hampstead Garden Suburb, ó sì fún Raymond Unwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láṣẹ láti ṣe ọ̀nà kéékèèké tí kò já. Ní Amẹ́ríkà, ní 1929, Clarence Stein àti Henry Wright fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tẹ ìlú Radburn dó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é kò dí ọ̀nà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ nìkan ni ọ̀nà parí fún. Ojú ẹsẹ̀ ń tẹ̀síwájú láti ìdí ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, ọmọdé Radburn sì lè rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láìgé ọ̀nà ọkọ̀ kankan kọjá. Nígbà tí ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ògiri dé, ojú ẹsẹ̀ kò dé.

Ìbàdàn di olú-ìlú ìwọ̀-oòrùn, ó gba Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ní 1948, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ṣí ní 1957, Ilé Kòkó sì parí ní 1965. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dá àjọ tí ń kọ́ ilé sílẹ̀ ní 1958, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Bódìjà fún àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ àti àwọn olówó tuntun. Bódìjà lẹ́wà. Àwọn tí ó gbé ibẹ̀ dá a mọ̀ fún afẹ́fẹ́ àti ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyágankú ni ó jọ, kò jọ Òkè-Àdó. Láti ìgbà náà ni ọmọ Ìbàdàn tí ó bá lówó ti gbà pé ọ̀nà tí kò já ni àmì ọlá, àti pé àdúgbò tí gbogbo ènìyàn lè là kọjá ni àdúgbò tálákà.

Kí á wá wo ìgbòòrò. Ìkànìyàn 1952 ka 459,196 ènìyàn ní Ìbàdàn. Ti 1963 ka 627,379. Ní 1952, nínú nǹkan bí kìlómítà onígun-mẹ́rin-dọ́gba 104 tí à ń pè ní ìlú, nǹkan bí 36 péré ni ilé wà lórí rẹ̀. Ìyókù jẹ́ oko, igbó ọba àti àkúrọ̀. Ní 1973, ilé ti bo nǹkan bí 100. Ní 1981, ó di 136. Kí ọdún 1990 tó dé, ó ti lé ní 200, wọ́n sì fojú bu ti ọdún 2000 sí 400. Ìkànìyàn 2006 rí ohun tí ó lé ní 2,500,000 ènìyàn nínú ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tí ó kó Ìbàdàn àti eréko rẹ̀ pọ̀. Kí olùkọ́ ìṣirò ṣe é fún àwọn ọmọ rẹ̀: ènìyàn kò pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà, ilẹ̀ tí ilé bò pọ̀ tó ìlọ́po mọ́kànlá. Ìlú náà kò kàn dàgbà, ó tẹ́jú.

Ojú ọ̀nà àwọn baba ni ó gbà tẹ́jú. Ilé kọ́kọ́ tò sí etí títì Ọ̀yọ́ títí dé Òjóò àti Mọ́níyà, sí etí títì Ìwó títí dé Olódó, sí etí títì Abẹ́òkúta títí kọjá Àpáta, sí etí títì Ifẹ̀ títí dé Ẹgbẹ́dá. Nígbà tí etí títì kún, wọ́n wọ inú lọ. Ilẹ̀ tí ó wà nínú, ti ìdílé ni. Oko tí jagunjagun kan pín fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni. Ìdílé a pe awọnlẹ̀, awọnlẹ̀ a fà á sí pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn, yóò sì ya ọ̀nà kan wọ àárín rẹ̀ láti etí títì. Ọ̀nà náà yóò lọ títí kan ààlà. Ní òdìkejì ààlà ni ilẹ̀ ìdílé mìíràn wà, tí awọnlẹ̀ tirẹ̀ ti ya ọ̀nà tirẹ̀ láti ìhà kejì wá. Ọ̀nà méjèèjì kò pàdé, nítorí kò sí ẹni tí ó rán ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n pàdé. Ìdílé tí ó bá fi pulọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ kí ọ̀nà lè já, owó pulọ́ọ̀tì kan ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì béèrè ibi tí owó náà gbé wà.

Òfin ilẹ̀ ti 1978, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ni ó yẹ kí ó tún èyí ṣe. Kò tún un ṣe. Ìdílé kò dẹ́kun ilẹ̀ títà; ohun tí ó yí padà ni pé àwọn kan ń kọ ọjọ́ tí ó ṣáájú 1978 sórí ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Níwọ̀n bí títà náà ti di ohun tí a ń ṣe lábẹ́ aṣọ, àwọn tí ń ṣètò ìlú kò lè dá sí i kí ilé tó dé. Ìgbà tí ilé bá ti dúró tán ni wọ́n máa ń dé, wọn yóò sì fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri. Ní ọdún 1978 kan náà ni òpópónà márosẹ̀ láti Èkó parí, ó gba ìhà ìlà-oòrùn ìlú kọjá. Ó yára, ó sì gba ọkọ̀ tí ń rìn ọ̀nà jíjìn kúrò láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ibi díẹ̀ ni a ti ń wọ̀ ọ́ tí a sì ti ń sọ̀. Lójú ẹni tí ilé rẹ̀ wà lápá kan, tí oko tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wà lápá kejì, odi Ìbíkúnlé mìíràn ni. Oríta Ìwó tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹnubodè rẹ̀ kún fún ọkọ̀ àti ọjà láàárín ọdún díẹ̀.

Ohun tí ìrísí igi yìí ń ṣe fún ènìyàn kì í hàn lójoojúmọ́. Ará ìlú a máa rò pé sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ni gbogbo rẹ̀, pé bí a bá ti fẹ títì lójú, ó tán. Òjò ni ó fi han gbangba. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹ̀kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ọgọ́rọ̀ ènìyàn sì kú. Odò tí ó wà láàárín ọkàn méjì ìlú ya wọ́n nípá fún ìgbà díẹ̀. Ìkún omi ti ọjọ́ 26 oṣù Ẹ̀kẹjọ ọdún 2011 ni ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 ṣòfò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ afárá sì lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni afárá Àpẹ̀tẹ̀.

Àpẹ̀tẹ̀ jẹ́ àdúgbò ńlá ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú, lẹ́yìn Pọlitẹ́kíníìkì. Abúlé àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sọ ọ́ di ìlú. Odò kan ni ó yà á kúrò lára Ìbàdàn, afárá kan ni ó sì so ó mọ́ ọn. Nígbà tí afárá náà lọ lóru ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbọ́ agogo ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ilé ní láti yí ká gba ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ibẹ̀. Aboyún tí ó fẹ́ dé ilé ìwòsàn, ọkọ̀ tí ó gbé ata wá fún ọjà, gbogbo wọn di ará ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan dá odò lẹ́bi, àwọn kan dá afárá, àwọn kan dá àwọn tí ó da ìdọ̀tí sínú odò. Gbogbo wọn ní àwíjàre. Síbẹ̀ odò tí ó gbé afárá lọ ní ibi tí afárá mẹ́ta wà, àdánù lásán ni. Odò tí ó gbé afárá kan ṣoṣo lọ ti gbé àdúgbò lọ. Kì í ṣe òjò ni ó pinnu pé ọ̀kan ṣoṣo ni yóò wà níbẹ̀.

Bí ọ̀nà ti ṣọ̀wọ́n tó, àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí èyí tí ó kù. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, bí olè àti adigunjalè ti ń dààmú ìlú, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé géètì irin sí ẹnu òpópó, wọ́n gba ọdẹ, wọ́n sì ń tì í lóru. A kò lè bá wọn wí tààrà. Ẹni tí wọ́n ti fọ́ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò nílò ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀n àti igi. Odi ni baba wọn fi dáàbò bo ara rẹ̀, odi ni àwọn náà fi ń dáàbò bo ara wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé odi Ìbíkúnlé yí ìlú kan ká, ọ̀tá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Géètì irin yí òpópó kan ká, ará ìlú ẹni ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ panápaná náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ọdẹ tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bá ti sùn.

Ọ̀pọ̀ ìjọba ti gbìyànjú. Nǹkan tí ó sábà máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni láti la títì gbòòrò gba àárín ìlú àtijọ́, nítorí ibẹ̀ ni ó rí jákujàku lójú wọn. Wọ́n wó agboolé tí àwọn baba sùn sí lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì gé ojú ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sí méjì. Ẹ̀tọ́ ni pé kí ọkọ̀ aláìsàn lè dé Ọjà'ba. Ṣùgbọ́n ibi tí àìsàn wà gan-an kọ́ ni wọ́n ń fi abẹ kàn. Òpópónà àyíká tí wọ́n ti ń pète rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 110, ti sún mọ́ ọ̀ràn náà díẹ̀ sí i, nítorí yóò so ẹ̀ka igi pọ̀ ní ìta. Bí wọ́n bá fi òpópó kéékèèké sọ̀ ọ́ mọ́ra, yóò di okùn àwọ̀n. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń ta ilẹ̀, igi mìíràn ni yóò hù lára rẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀ka tí kò já.

Nítorí pé èèkàn àwọn awọnlẹ̀ ti wà nínú oko níwájú ilé. Ní Àkàńràn, ní Ológunẹrù, ní ẹ̀yìn Mọ́níyà, ẹni tí ó bá rìn wọ inú ègé àti kòkó tí ó ti gbó yóò rí wọn nílẹ̀, símẹ́ńtì kékeré tí wọ́n kọ nǹkan sí lórí. Àkókò tí ọ̀nà rọrùn láti yà nìyí, nígbà tí kò sí ohun tí a óò wó bí kò ṣe ègé. Pulọ́ọ̀tì kan nínú ogún ti tó.

Níbi tí ilé ti dúró tán, àwọn ará àdúgbò ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ní ààlà ilẹ̀ ìdílé méjì, níbi tí ọ̀nà méjì ti ń wo ara wọn láti ẹ̀yìn ògiri, ihò kan a máa wà lára ògiri náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju èjìká ènìyàn kan lọ. Onílé a fi búlọ́ọ̀kù dí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ihò náà yóò tún ti ṣí. Lówùúrọ̀, kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, àwọn ọmọdé a tò sí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn, wọn a tẹ orí ba, wọn a sì kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.